"Gígé gẹ̀gẹ̀" kò lè gba iṣẹ́ abẹ méjèèjì

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ilé-Ifẹ̀ dábàá pé kí á máa pe iṣẹ́ abẹ táírọ́ìdì (ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn) ní "gígé gẹ̀gẹ̀", ìbáà ṣe apá kan ni wọ́n yọ, ìbáà ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ má bínú, sà, n kò fara mọ́ ọn.

Àìsàn ni gẹ̀gẹ̀. Táírọ́ìdì ní tirẹ̀ wà lọ́rùn gbogbo wa, nísàlẹ̀ gògóńgò, ìhà méjì tó so pọ̀ láàárín. Jẹjẹrẹ lè wà níbẹ̀ kí ọrùn má wú rárá. Gẹ̀gẹ̀ wo ni wọ́n gé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ewu. Iṣan tó ń darí ohùn gba ẹ̀yìn táírọ́ìdì kọjá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó bá jẹ́ ìhà kan ni wọ́n yọ, iṣan kan ṣoṣo ni abẹ lè kàn; ohùn lè há, èkejì á ṣì máa ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, méjèèjì ló wà nínú ewu, bí méjèèjì bá sì fara pa, mímí gan-an lè di ìṣòro. Kóró mẹ́rin tún sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn kò ju wóró ìrẹsì lọ, tí wọ́n ń tọ́jú kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá yọ táírọ́ìdì tán tí àwọn kóró yìí daṣẹ́ sílẹ̀, ètè á máa ta aláìsàn ṣínṣín, ìka á máa kú, pajápajá á máa mú un. Kódà bí àwọn kóró náà bá ń ṣiṣẹ́, oògùn ojoojúmọ́ tó ń rọ́pò iṣẹ́ táírọ́ìdì di dandan títí ayé fún ẹni tí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ fún. Ẹni tí wọ́n yọ ìhà kan fún lè má nílò oògùn yẹn, àmọ́ àìsàn lè tún hù nínú èyí tó kù, abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú ojú àpá sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. (Ní ti kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọrùn, kò sí èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí.)

Ìyá tó ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild nílùú Iléṣà níbí, tí wọ́n ní kó tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kó gbọ́ èyí tó ń tẹ̀ka sí látinú orúkọ iṣẹ́ abẹ náà.

"Yíyọ àbọ̀" tí àwọn kan mú wá kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí iṣẹ́ tí wọn kò parí ni etí á gbọ́. "Yíyọ ìhà kan" àti "yíyọ tán" ni mo fara mọ́. Ní ti àwọn kóró mẹ́rin yẹn, "kóró kálísíọ́mù" ni mo ṣì ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó jẹ́ ká gbọ́.