Iná dé lójijì, kúrọ́ṣà gé ìka méjì: ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ pé àìbìkítà ni

Akọ̀wé Odògunyàn:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Oorun ò kùn mí láti ọjọ́ yìí.

Iléeṣẹ́ tó ń lọ ike àlòkù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lápá Odògunyàn ní Ìkòròdú níbí. A máa ń ra igò rọ́bà, kẹ́ẹ̀gì fífọ́ àti nylon píọ̀ wọ́tà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á kiri. A ó fọ̀ ọ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó yọ́ nylon, a ó sì gé e wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń fi ṣe nǹkan tuntun. Akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ni mí tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ọ̀gá pè mí, ó gbé akoto funfun lé mi lórí, ó ní èmi ni sẹ́fítì ọ́físà, ẹni tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́, láti òní lọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní nǹkan kan. Mo ra ìbọ̀wọ́, mo ra ìbomú, mo lẹ ìwé "Ṣọ́ra" káàkiri ògiri, mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí ike há sẹ́nu kúrọ́ṣà, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ike. Bó ṣe há ni NEPA mú iná lọ. Ọmọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà, kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, rí i pé ẹ̀rọ ti dákẹ́, ó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti fa ike náà yọ. Àfi gbàà, iná dé! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan swíìṣì. Ìka méjì ló lọ, àti ìbọ̀wọ́ tí èmi fúnra mi rà fún un.

Ó ti kúrò lọ́sibítù, ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìgbógbó. Ọ̀gá ló san owó ọsibítù, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ìròyìn pé àìbìkítà ọmọ náà ló fà á, kí n sì mú ìwé kan lọ fún un kó fọwọ́ sí i pé òun gba ₦150,000, òun ò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Òótọ́ sì ni pé òun ló ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ. Ṣé kí n kọ ọ́? Mo níyàwó, mo bímọ méjì.

Má Bínú:

Bọ̀dá, ẹ kọ ohun tí ẹni tó ń sanwó ní kí ẹ kọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni? Iṣẹ́ ò sí níta o.

Bàbá Oníwáyà, Ògolóńtò:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kí o tó kọ ohunkóhun, lọ wo ohun tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ yẹn. Ṣé ṣéńjóbà ni, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sókè gbé sísàlẹ̀? Bó bá jẹ́ òun ni, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ swíìṣì ò kúrò níbi tó wà. Ẹ̀rọ yẹn kàn ń sùn ni. Iná dé, ó jí.

Contactor ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì méjì, ọ̀kan fún títàn, ọ̀kan fún pípa. Iná fúnra rẹ̀ ló ń di contactor mú. Bí iná bá ti lọ, á já ara rẹ̀ sílẹ̀, "tá" lo máa gbọ́. Kí NEPA mú iná dé, kí ó tún mú un lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mọ́tò ò ní yí títí èèyàn á fi fọwọ́ tẹ bọ́tìnì. Bí ẹ bá sì ń lo jẹnẹrétọ̀ náà, bákan náà ni. Mo ti so ó mọ́ ẹ̀rọ àwọn ìyá tó ń lọ ata ní Sábó. Owó rẹ̀ ò lè tó owó ọsibítù tí ọ̀gá rẹ san, mo lè búra.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀dẹ́:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Kí n fi tèmi kún un, torí ìdí kúrọ́ṣà ni mo ti jẹun fún ọdún mọ́kànlá.

Contactor dára, ṣùgbọ́n èèyàn lè tẹ bọ́tìnì láti ibòmíràn nígbà tí orí rẹ wà nínú ẹ̀rọ. Kò rí ọ. Òun náà ń fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Àgádágodo lòògùn ẹ̀. Pa ẹ̀rọ, pa iná rẹ̀ láti orí pánẹ́ẹ̀lì, àpótí swíìṣì iná, ti àgádágodo mọ́ ọn, ju kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ. Sápò ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ o, kì í ṣe ti supafáísọ̀. Bó bá jẹ́ ẹni méjì ló fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àgádágodo méjì. Lẹ́yìn náà kí o tẹ bọ́tìnì ìtanná wò, kí o rí i pé lóòótọ́ ni ò dá a lóhùn.

Kò tán síbẹ̀. Bí o bá pa kúrọ́ṣà, abẹ rẹ̀ ṣì ń yí lọ fúngbà díẹ̀, torí irin rẹ̀ wúwo. Dúró kó dákẹ́ pátápátá. Bó bá dákẹ́ tán náà, o fa ike tó há lápá kan, abẹ á yí lápá kejì, á sì gé ọ láìsí iná rárá. Ó ṣe mí rí, àpá ẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Igi líle la máa ń há sáàárín abẹ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìbọ̀wọ́ tí o rà yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ṣà á ló wúlò. Ẹni tó wà lẹ́nu ohun tó ń yí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Abẹ á kọ́ ọ, á sì fa gbogbo ọwọ́ wọlé. Ìborùn, agbádá, ẹ̀gbà ọwọ́, bákan náà.

Ìbéèrè mi rèé: báwo ni ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀rọ yẹn ṣe gùn tó, láti ibi tí ẹ ti ń da ike sí i dé ibi abẹ? Gbé téèpù kí o lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe dáadáa, apá èèyàn ò yẹ kó gùn dé abẹ.

Nọ́ọ̀sì Sábó:

Ẹ kú ìfaradà. Ṣé wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lónìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo yín gbọ́ èyí nítorí ọjọ́ mìíràn. Bí ìka bá já, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì kì í sínú yìnyín. Aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi mímọ́ tí ẹ sì fún ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ dè é pinpin, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú omi yìnyín. Yìnyín tó bá kan ara ìka tààrà á pa á. Ní ti ọwọ́, ẹ fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́, ẹ gbé e sókè, ẹ má fi epo tàbí ewé kankan sí i.

Àwọn ìyá tó ń ṣà ike ńkọ́? A máa ń rí wọn lọ́dọ̀ wa, abẹ́rẹ́ àlòkù gún wọn látinú àpò ike. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni kí ẹ fún wọn, kí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítìsì B.

Ìyá Ìbejì, Ìtámàga:

Má Bínú, àbúrò, má ti ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà.

Olùbéèrè, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni mo ń ṣètò láti bí ogún ọdún, nítorí náà gbọ́ mi dáadáa. Òfin kan wà, Employees' Compensation Act ti 2010. Àjọ ìjọba kan, NSITF, ló ń mójú tó o. Agbanisíṣẹ́ á máa san náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù fún wọn, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni owó gbà-má-bínú ti ń wá.

Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìyẹn sì ti kọjá. Nítorí náà kí ọmọ náà, tàbí ìyá rẹ̀ lórúkọ rẹ̀, kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ lọ́la, kí wọ́n gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Má sọ pé ọ̀gá ti mọ̀. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọdún kan ló ní láti béèrè owó náà fúnra rẹ̀.

Ìwé ₦150,000 yẹn? Òfin yẹn kan náà ló ní òṣìṣẹ́ ò lè fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun. Bó fọwọ́ sí i, asán ni. Orúkọ tìrẹ tó gbé e lọ ló máa bàjẹ́. Factories Act, òfin iléeṣẹ́, náà sì wà: ìjàǹbá tó bá dá òṣìṣẹ́ dúró ju ọjọ́ 3 lọ, dandan ni kí wọ́n sọ fún olùbẹ̀wò iléeṣẹ́ ti ìjọba.

Akọ̀wé Odògunyàn:

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Wọ́n ti gún un ní tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ṣéńjóbà ni, Bàbá. Bí ẹ ṣe wí gan-an ló rí.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbé téèpù lọ lálẹ́ àná nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Láti ẹnu dé abẹ, sẹ̀ǹtímítà 42. Mo wọn apá ara mi láti èjìká dé orí ìka, 74. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, mo rí i pé ọ̀dà tó wà létí ẹnu yẹn yàtọ̀ sí ti ara ẹ̀rọ. Mo fi èékánná họ ọ́. Ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀ ni. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ibẹ̀, ó ní lọ́dún tó kọjá ni mánijà ní kí wọ́n gé ọ̀fun rẹ̀ kúrú, kó lè máa yára jẹ ike. Àgékù irin tí wọ́n gé kúrò ṣì wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n fi ń jókòó jẹun.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀dẹ́:

Há! Àìbìkítà ta wá ni?

Ya fọ́tò ojú wẹ́dà yẹn pẹ̀lú téèpù lára rẹ̀. Ya àgékù náà kó tó di àwátì.

Ìyá Ìbejì, Ìtámàga:

Nínú ìròyìn rẹ, má bú ẹnikẹ́ni. Kọ aago tí iná lọ àti aago tó dé. Kọ irú swíìṣì tó wà níbẹ̀. Kọ 42, kọ 74. Kọ ọ́ pé ọmọ náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, torí òótọ́ ni, kí o sì kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń yọ ike tó há. Fi déètì sí i, kí ẹ̀dà kan wà nílé rẹ.

Má Bínú:

Màmá, ẹ má bínú sí mi. N ò mọ̀ pé wọ́n gé ẹ̀rọ.

Bàbá Oníwáyà, Ògolóńtò:

Àbí ẹ máa ń dáná sun àsẹ́ wáyà ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yọ́ nylon láti fi yọ ike tó lẹ̀ mọ́ ọn? Mo gbọ́ òórùn irú rẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù. Ẹ yé e ṣe. Kí ẹ sì máa yọ páìpù omi àti awọ wáyà kúrò nínú ohun tí ẹ ń yọ́. PVC ni, irú ike kan. Bó bá gbóná jù, èéfín ásíìdì ló ń tú jáde, á máa ta èèyàn lójú àti lọ́nà ọ̀fun.

Akọ̀wé Odògunyàn:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin. Mo kọ ọ́ bí Ìyá ṣe ní kí n kọ ọ́. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè pé ta ló ní kí wọ́n gé ẹ̀rọ. Mánijà ń wo ilẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti mú lẹ́tà wá, mo bá a fi òǹtẹ̀ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàlá lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Wẹ́dà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti dá ọ̀fun ẹ̀rọ padà, oníwáyà náà ń bọ̀ so contactor. Títí dìgbà yẹn, mo ti ti àgádágodo mọ́ pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Ọ̀gá ò tíì bá mi ṣàwàdà láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀dẹ́:

O káre. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló bá àgádágodo náà wá?

Akọ̀wé Odògunyàn:

Mẹ́ta. Méjì yòókù wà nínú dúrọ́ọ̀ mánijà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, mò ń lọ gbà á.