Álááàmù ń pọ̀ jù ní control room: ṣé ẹ̀bi operator ni?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Nílé ẹ̀rọ wa, álááàmù tó ń dún sí operator kan (ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lójú kọ̀ǹpútà ní control room) létí máa ń tó 40 ní wákàtí kan, láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Àwọn operator ti wá ń tẹ "acknowledge" (mo ti rí i) láìkà á. Àwọn ọ̀gá ní ká tún wọn kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn 1
Rárá o. Ẹni tí ariwo bò mọ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ kọ́ ló máa yọ ọ́. EEMUA 191, ìwé ìlànà lórí álááàmù, ní kó má ju ẹyọ kan lọ ní ìṣẹ́jú 10 nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ geere. Tiyín ti ju ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn lọ.

Ẹ kó àkọsílẹ̀ álááàmù ọ̀sẹ̀ méjì jáde, kí ẹ tò ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dún jù. Díẹ̀ nínú wọn ló sábà ń pa ariwo tó pọ̀ jù. Èyí tó ń tàn tó ń kú lemọ́lemọ́, deadband rẹ̀ (àlàfo tí ìwọ̀n gbọ́dọ̀ fi padà sẹ́yìn kí álááàmù tó kú) ló kéré. Ẹ fi 5% gbogbo àyè ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ fún flow (ìṣàn) àti level (ibi tí ohun inú táǹkì ga dé), 2% fún pressure (ìfúnpá), 1% fún temperature (ìgbóná). Ìdádúró ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí álááàmù tó dún tó flow. Level lè gba 60, àfi táǹkì tó ń yára kún.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni, àmọ́ deadband nìkan ò tó. Ẹ mú álááàmù kọ̀ọ̀kan: kí ni operator máa ṣe sí i, ìṣẹ́jú mélòó ló sì ní? Tí kò bá sí ohun tó máa ṣe, ìròyìn lásán ni, ẹ yọ ọ́. Kí àwọn tí ẹ máa pè ní kánjúkánjú má ju nǹkan bí 5% gbogbo álááàmù lọ.

Nílé ìfọpo Milford Haven ní Wales, 24 oṣù Keje 1994, álááàmù 275 ló dún sí operator méjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 kí ibẹ̀ tó bú gbàmù. Ojú kọ̀ǹpútà ní fáàfù kan ṣí, bẹ́ẹ̀ ó tì pa. Ta ló máa ráyè yẹ ìyẹn wò?

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Álááàmù tí àwọn operator ti fọwọ́ ara wọn pa lẹ́nu mọ́ fúngbà díẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn 3
Kó má kọjá ṣífíìtì kan láìṣe pé ẹlòmíì tún fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà tag (àmì ìdánimọ̀ rẹ̀), ìdí tí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́, àti aago tó máa padà ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ kà á níwájú ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ high-high level (álááàmù pé táǹkì ti kún kọjá ààlà gíga àkọ́kọ́), ẹ rán ẹnì kan lọ wo gáàjì táǹkì náà fúnra rẹ̀ lóòrèkóòrè. Tí tag kan bá sì ń padà sínú ìwé yẹn lójoojúmọ́, sensor tó dọ̀tí tàbí wáyà tó tú ni kí ẹ lọ wá.