Gáùn ìyàwó tí a fẹ́ tọ́jú pẹ́: kí la ó bi alágbàfọ̀ ká tó gbé e fún un?

Ìyàwó_Tuntun:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Gáùn funfun kan ni: wọ́n ní sílíkì ni, néẹ̀tì ló wà nísàlẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kún àyà rẹ̀. A fẹ́ kó pẹ́, ó kéré tán ọdún 20. Ní Ìbàdàn níbí, alágbàfọ̀ kan ní òun á fọ̀ ọ́, òun á fi náílọ́n bò ó. Òmíràn ní òun ní àpótí tí wọ́n ń lẹ̀ pa, ṣùgbọ́n owó tiẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Kí la ó bi wọ́n? Ṣé a lè kó aṣọ òkè ìdána pọ̀ mọ́ ọn?

Alágbàfọ̀_Mókọ́lá:
Ẹ gbàgbé àpótí ná. Fífọ̀ niṣẹ́. Ẹ bi wọ́n pé: "Àbàwọ́n tí ojú ò rí ńkọ́?" Ẹlẹ́rìndòdò, wáìnì funfun, ṣúgà orí kéèkì, bí wọ́n bá gbẹ tán, ẹ ò ní rí ohunkóhun. Tó bá yá, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á wá dà bí ibi tí tíì dà sí. Kẹ́míkà dráì-kílínì ń yọ òróró àti ìpara ojú. Kì í yọ ṣúgà, omi ló ń yọ ìyẹn. Ẹni tó bá ní "ẹ̀rọ á gbé gbogbo ẹ̀ lọ", ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á tẹ́ gáùn sórí tábìlì, á tanná wò ó, á fi omi àti ọṣẹ tí kò le tọ́jú ojú ibi kọ̀ọ̀kan kó tó kì í bọ ẹ̀rọ. Kò sì gbọdọ̀ lọ̀ ọ́ kí ṣúgà tó kúrò: ooru áyọ́ọ̀nù á sè é mọ́ ọn lára.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló kàn. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní perc lágbára. Ó lè yọ́ góòmù, ó sì lè mú àwọ̀ bó lára ìlẹ̀kẹ̀ oníke. Ẹ ní kí wọ́n já ẹyọ kan níbi tó fara pamọ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà náà wò. Tó bá rọ̀ tàbí tó bó, kí wọ́n lo èyí tó rọ̀ jù ú lọ, irú hydrocarbon, tàbí kí wọ́n fọwọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ béèrè bóyá gáùn yín nìkan ló ń wọ ẹ̀rọ, nínú kẹ́míkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Èyí tí wọ́n ti fi fọ kóòtù dúdú mẹ́wàá á sọ funfun di àwọ̀ eérú.

Télọ̀_Agége:
Ṣé sílíkì ni lóòótọ́? Ẹ fa òwú díẹ̀ láti inú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀, ẹ ṣáná sí i. Sílíkì á rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á kúnná lọ́wọ́. Poliẹ́sítà á yọ́, á dì bí orí pínnì. Ọ̀pọ̀ "sílíkì" ọjà, poliẹ́sítà ni. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, torí bílíìṣì ń ba sílíkì jẹ́ pátápátá: á pọ́n, á máa ya.

Ẹsẹ̀ gáùn ńkọ́? Ilẹ̀ pupa wa yìí, irin tó dógùn-ún ló mú un pupa, bílíìṣì ò lè yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, ẹ má fomi ra á. Ẹ wo ọrùn àti àyà, níbi tí owó níná ti lẹ̀ mọ́ òógùn. Ẹ fọwọ́ tọ́ka sí gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí rìsíìtì: "ọbẹ̀, apá òsì, ìlẹ̀kẹ̀ 3 ti já". Èyí tí kò bá fẹ́ kọ ọ́, òun náà ló máa sọ lọ́la pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbé e wá.

Sányán_Gidi:
Alágbàfọ̀, àpótí ò ṣeé gbàgbé o. Náílọ́n ń sé ọ̀rinrin mọ́nú. Lásìkò òjò, aṣọ á bu, á yọ tóótòòtó dúdú. Àpótí tí wọ́n lẹ̀ pa pàápàá, n kò fara mọ́ ọn: bí àbàwọ́n bá jáde nínú rẹ̀, ta ni yóò rí i? Ẹ gba àpótí tó ṣeé ṣí, tí páálí àti bébà rẹ̀ kò ní ásíìdì. Páálí lásán á fi àmì pupa rẹ́súrẹ́sú sára aṣọ. Fún sílíkì, bébà tí wọn ò fi ẹfun sí ni kẹ́ ẹ béèrè.

Kí wọ́n yọ pínnì gbogbo. Kí wọ́n ká bébà bí ọ̀pá sí gbogbo ibi tí aṣọ ti ṣẹ́, kí ó má baà já níbẹ̀. Hángà kọ́ o: ìwúwo ìlẹ̀kẹ̀ á fa èjìká rẹ̀ ya. Ẹ má fi kànfọ̀ sí i. Lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ fọwọ́ mọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ ṣẹ́ ẹ síbòmíràn.

Aṣọ òkè, ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Aró ara ẹtù lè ràn mọ́ funfun, omi sì lè sún aṣọ òkè kì. Ẹ ká gèlè sára ọ̀pá tí ẹ fi aṣọ òwú funfun wé, ẹ má ṣẹ́ ẹ.

Ìyàwó_Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an. Ìgbà wo la gbọ́dọ̀ gbé e lọ? Ṣé ká san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà?

Alágbàfọ̀_Mókọ́lá:
Lọ́sẹ̀ yìí, kí ṣúgà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ san ìdajì. Ìyókù di ìgbà tí ẹ bá ti gbé e síta wò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tinú tòde, kó tó wọ àpótí. Sányán_Gidi, mo gbà fún yín lórí ti náílọ́n.