Ferrari tí ẹ ti bá pàdé, tí kì í ṣe mọ́tò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Ọdún tí mo dé Modena, iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa gbé páálì kiri ilé oníbàárà. Ní Ítálì ńbí, orúkọ ìdílé ni wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe nọ́ńbà. Lọ́jọ́ kan, Ferrari ni wọ́n kọ sára páálì ọwọ́ mi, kò sí orúkọ mìíràn níwájú rẹ̀, mo dé ìdí bẹ́ẹ̀lì, Ferrari mẹ́ta ni mo rí! Àyà mi là, mo ní ṣé àwọn olówó mọ́tò yẹn ló ń gbé inú ilé tí ọ̀dà ti ń ṣí lára rẹ̀ yìí ni? Mo tẹ ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tẹ ìkejì, ìyá àgbà kan ní kí n máa gòkè bọ̀, mo gun àtẹ̀gùn dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin pẹ̀lú ẹrù léjìká, ìgbà tí mo débẹ̀, kì í ṣe tiwọn. Wọ́n fún mi lómi mu ṣá. Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n bá olówó mọ́tò tan, wọ́n ní rárá o, àwọn ò tilẹ̀ bá Ferrari méjì tó kù nínú ilé yẹn tan. Wọ́n ní ferro ni irin, ìdí alágbẹ̀dẹ ni orúkọ yẹn ti jáde, ìlú wo ni kò sì ní alágbẹ̀dẹ tirẹ̀ láyé àtijọ́?

Orí mi wú. Bàbá tó bí bàbá mi, ọkọ́ àti àdá ni wọ́n ń rọ, Ògún ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé wa. Orúkọ tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìsàlẹ̀ wá, àṣé orúkọ ilé wa náà ni.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrírí. Tèmi ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì. Olùkọ́ wa kọ "Ferrari" sójú pátákó, ó ní ọ̀nà tí a ó fi yanjú equation tó ní x⁴ nínú nìyẹn, gbogbo kíláàsì pariwo mọ́tò. Mo délé mo wá a kà. Lodovico Ferrari, ọmọ Bologna, 1522 ni wọ́n bí i, ọmọ òrukàn, ọmọ ọdún 14 ló wọ ilé Cardano, onímọ̀ ìṣirò kan, láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Cardano rí i pé ọpọlọ ọmọ yìí jí pépé, ó fi í sẹ́nu ìṣirò, nígbà tó di 1540 ọmọ ọ̀dọ̀ yìí ti yanjú ohun tí kò tíì sẹ́ni tó yanjú rẹ̀. Inú ìwé ọ̀gá rẹ̀ ló ti jáde ní 1545, ọ̀gá náà ò sì jí i mọ́ ọn lọ́wọ́, ó dárúkọ rẹ̀. Ní 1548, Tartaglia tó jẹ́ àgbà onímọ̀ ìṣirò bá a díje ní Milan níwájú èrò, Tartaglia ti kúrò nílùú kí ìdíje náà tó parí.

Èmi náà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé kí n tó wọ yunifásítì. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo ka ìtàn yẹn.

*

Ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Saronno, ẹ̀gbẹ́ Milan. Màmá tí mò ń tọ́jú fẹ́ràn kí n máa ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Màríà tó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbójú sókè, inú òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, áńgẹ́lì ló kún un bámúbámú, òmíràn ń fọn fèrè, òmíràn ń ta gòjé. Gaudenzio Ferrari ló kùn ún láàárín 1534 sí 1536. Mo sọ fún ọmọ mi lórí fóònù pé mò ń wo iṣẹ́ ọwọ́ Ferrari, ó ní kí n ya mọ́tò yẹn ránṣẹ́ kíá. Áńgẹ́lì ni mo yà fún un.

*

Tèmi ò gùn. Wáìnì tí wọ́n ń tú síra wọn lára níbi eré mọ́tò Formula One láti 2021 títí di 2024, Ferrari ló wà lára ìgò, àbúrò mi sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ilé iṣẹ́ mọ́tò ló ń pọn ọn. Rárá o, Giulio Ferrari ló dá a sílẹ̀ ní Trento ní 1902. Ní 1952 ó tà á fún Bruno Lunelli, ìdílé Lunelli ló ṣì ni ín, wọn ò sì yọ orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò.

*

Ẹ ṣeun gan-an. Ti wáìnì yẹn mú mi rántí Enzo Ferrari fúnra rẹ̀, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ irin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní Modena ńbí, ẹ ò rí i pé orúkọ yẹn ṣì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Alfa Romeo ní 1939, àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe ni pé kò gbọdọ̀ fi orúkọ Ferrari sáré mọ́tò fún ọdún mẹ́rin, orúkọ bàbá rẹ̀ o! Mọ́tò tó ṣe ní 1940 kò jẹ́ Ferrari, àfi ìgbà tó di 1947. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ní ti páálì ọjọ́ yẹn, Ferrari kẹta ló ni ín. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé.