Abo mántíìsì mi ti dàgbà: kí ni yóò máa jẹ, ìgbà wo ni kí ó sì pàdé akọ?

Ọmọ Akóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń sin abo mántíìsì kan, kòkòrò aláwọ̀ ewé tí í ká apá síwájú bí ẹni ń gbàdúrà. Kò tíì hu ìyẹ́ nígbà tí mo mú un nínú ọgbà wa ní Akóbọ̀, inú ike gíga tí mo fi àwọ̀n dé lórí ni ó sì ń gbé láti ìgbà náà. Ní báyìí ó ti bọ́ awọ ìkẹyìn, ìyẹ́ rẹ̀ ti pé, ó sì ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7. Àbúrò mi mú òmíràn wá láti Mọ́níyà, ó ní akọ ni. Ìgbà wo ni mo lè jẹ́ kí wọ́n pàdé tí abo kò fi ní pa á jẹ? Kí sì ni kí n máa fún un, níwọ̀n bí tata ti di àwátì láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú? Ó tún ti yé ẹyin sára àwọ̀n, ìfófó tó ti gbẹ ló bò ó, bẹ́ẹ̀ kò tíì fojú kan akọ rí. Ṣé ọmọ lè jáde nínú rẹ̀?

Olùkọ́ Àgbowó:
Ẹ kú ìtọ́jú. Abo tí kò rí akọ a máa yé àpò ẹyin bákan náà, ṣùgbọ́n ọmọ kì í sábà jáde nínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó jọ pé Sphodromantis lineola ni tiyín, èyí tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, irú kan náà ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ akọ. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo abẹ́ ikùn àwọn méjèèjì, kí ẹ ka bí ó ṣe pín: ìpín 6 ni ẹ ó rí lára abo, 8 ni ti akọ. Akọ tún máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ a sì gùn kọjá ìdí rẹ̀.

Ẹ má kánjú. Ó yẹ kí ó tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí abo ti bọ́ awọ ìkẹyìn, nítorí akọ tí ó bá yọ sí abo tí kò tíì ṣetán, oúnjẹ ni lójú rẹ̀. Ebi ló ń fa púpọ̀ nínú pípa akọ jẹ tí gbogbo ayé ń sọ, nítorí náà ẹ bọ́ ọ yó fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bí ọjọ́ bá pé, ẹ má kó wọn sínú ike. Ẹ jẹ́ kí abo gun aṣọ fèrèsé nínú yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ fún un ní ìrẹ̀ ńlá kan kí apá rẹ̀ lè dí, kí ẹ wá gbé akọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó jìnnà díẹ̀. Ó lè gùn ún fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ tètè gbé e kúrò. (Èmi kì í fẹ́ kí ọmọdé wò ó, nítorí akọ tí abo ti gé orí rẹ̀ jẹ ṣì lè máa bá iṣẹ́ lọ.)

Onírẹ̀ Bódìjà:
Ẹ yé dúró de tata. Ìrẹ̀ rọrùn láti sìn: ọpọ́n ike gíga, páálí ẹyin tí wọn yóò máa sá sí, èèrí ògì àti ewébẹ̀ fún jíjẹ, abọ́ iyẹ̀pẹ̀ tútù fún ẹyin wọn. Ìrẹ̀ kan ní ọjọ́ 2 sí 3, èyí tí kò gùn ju ìdajì ara mántíìsì lọ, ti tó. Ẹ má fún un ní aáyán ilé ìdáná, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tí ó ti fẹnu kan ọ̀tapíàpíà nílé aládùúgbò. Nínú ọyẹ́ yìí, ẹ máa fọ́n omi sára àwọ̀n láràárọ̀ kí ó lè rí ẹ̀kán omi mu.

Àwọn ọmọ gan-an ni ìṣòro. Ẹyin tó dára lè pa ní bíi ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ọmọ tó lé ní 100 sì lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà láìsí èyí tó lè mú ìrẹ̀ nínú wọn. Kantíkantí ni oúnjẹ wọn. Ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹyin tó pa, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù sínú ìgò, ẹ ṣí i sílẹ̀ kí wọ́n wọlé, kí ẹ tó fi aṣọ dé e. Ẹlẹ́mu àdúgbò yín kò ní fi kantíkantí dù yín. Àwọn ọmọ yóò máa jẹ ara wọn, nítorí náà ẹ ya ìwọ̀nba tí agbára yín ká sọ́tọ̀ ní ike kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tú ìyókù sínú ọgbà. Èyí tó bá kọ oúnjẹ lè fẹ́ bọ́ awọ. Ẹ yọ ìrẹ̀ tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, torí ìrẹ̀ a máa gé e jẹ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀.

Ọmọ Akóbọ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo kà á, mo tún un kà: 6 ni ti èyí tí àbúrò mi mú wá náà. Abo ni. Níbo ni n ó ti rí akọ báyìí?

Olùkọ́ Àgbowó:
Ẹ má jẹ́ kí àwọn méjèèjì débi ara wọn rárá. Akọ a máa fò lóru, ó sì máa ń wá síbi iná, nítorí náà ẹ máa wo ara ògiri lábẹ́ gílóòbù ìta lálẹ́. Ọ̀nà mìíràn ni pé abo ọ̀pọ̀ irú mántíìsì tí akọ kò tíì gùn a máa tú òórùn kan jáde, tí akọ ń gbọ́ láti òkèèrè. Ẹ gbé e sínú àgò aláwọ̀n, kí ẹ kọ́ ọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, okùn tí ẹ fi gírísì pa ni kí ẹ sì fi kọ́ ọ, kí èèrà má baà rí ọ̀nà dé ibẹ̀.