Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn kíákíá: Abreu ti padà dé, ṣé kí n jù ú sílẹ̀ ni?

Káyọ̀dé_Alief (27 May 2024)
Ẹ kú ọjọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú mi ò ráyè kọ púpọ̀, ìdí ẹran sísun ni mo wà, ìsinmi Memorial Day la wà yìí. Wọ́n ti pe José Abreu padà láti líìgì kékeré, ó máa gbá fún Astros, tíìmù baseball Houston wa, ní Seattle lónìí. Ó ti wà nínú tíìmù fantasy mi láti March (ẹ yan eléré gidi, ohun tó bá ṣe lórí pápá ló ń di pọ́ìǹtì yín). Ṣé kí n jù ú sílẹ̀ ni àbí kí n ṣì máa wò ó? Singleton, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Astros, wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì mú un. Tí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ mi ò lè yí nǹkan kan padà mọ́. Ẹ dákun, kíákíá.

Ṣọlá_Katy
Ju sílẹ̀. Ṣé èyí náà ń fẹ́ ìmọ̀ràn ni? Ìgbà 71 ló gbé igi kí wọ́n tó rán an lọ, 7 péré ló bá. Ìyẹn .099, kò tó 1 nínú 10! Ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó á gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọrogùn ni wọ́n á sì fi gbá a.

Láńre_Ìkòròdú
FPL, fantasy bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ England, ti parí láti 19 May, èwo lẹ tún ń gbá ní Amẹ́ríkà? Abreu wo? Kílọ́ọ̀bù wo? Tó bá jẹ́ àgbà agbábọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wúwo lẹ ń sọ, ẹ jù ú dànù jọ̀ọ́, mo fi Casemiro sílẹ̀ nínú tíìmù mi lọ́jọ́ tí Palace fún Man United wa ní 4-0, mi ò lè jẹun alẹ́.

Ṣọlá_Katy
Láńre baseball ni, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ 😂

Láńre_Ìkòròdú
Èsì mi ò yí padà.

BàbáÌbejì_MD
Àbúrò, gbọ́ tèmi kó o tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Maryland ni mo wà, Baltimore la ti ń wo baseball tiwa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Chris Davis ti Orioles, tíìmù wa. Ọkùnrin yẹn gbá home run (bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá) 53 ní 2013, ó tún gbá 47 ní 2015, wọ́n wá fún un ní milíọ̀nù 161 dọ́là fún ọdún 7, èmi náà ń yọ̀ bíi pé àkáǹtì mi ni wọ́n san án sí. 2018 dé, .168 ló gbá ní gbogbo ọdún. Gbogbo ará ibi iṣẹ́ ní kí n jù ú sílẹ̀ nínú fantasy, mo ní rárá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa ta jí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. 2019 dé mo tún mú un! Ẹ má bi mí ní ìdí. Láti September 2018 títí di 13 April 2019, ìgbà 54 tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ló gbé igi tí kò bá nǹkan kan, àní 54. Mo kó àwọn ìbejì lọ sí pápá lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀, ariwo èébú tí wọ́n ń pa mọ́ ọn, Kẹ́hìndé bi mí pé daddy kí ni uncle yẹn ṣe fún wọn, mo ní ó gba owó wọn. Owó tèmi náà lọ, $200, torí lẹ́yìn tí mo kẹ́yìn tán, ẹni tó ń gba owó líìgì jọ fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kó gbogbo owó náà lọ, títí dòní a ò rí i.

MummyTẹ́mi
Háà! Ó gbówó sálọ kẹ̀? Ẹ ò fẹjọ́ sùn?

BàbáÌbejì_MD
Sùn ta? Ṣé kí n lọ bá HR pé tẹ́tẹ́ la ń ta ní ibi iṣẹ́ ni? Èèyàn 12 ni wá. Ó ń bá wa jẹ Sallah ni o.

Adéṣínà_Tampa
Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwa náà pẹ̀lú owó àjọ, kì í ṣe fantasy, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá ti ń sọ pé kí wọ́n máa fi gbogbo owó sọ́wọ́ òun, ẹ máa ṣọ́ ọ.

MummyTẹ́mi
$200 lọ́nà 12. Olúwa o.

Káyọ̀dé_Alief
Ẹ̀yin èèyàn mi, Abreu o. Ẹ jọ̀ọ́.

Òṣogbo2Chicago
Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ẹ dì í mú. Ọdún 9 ló lò lọ́dọ̀ wa ní White Sox níbí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ aládùúgbò. Home run 36 ní ọdún tó kọ́kọ́ dé, 2014, MVP (ẹni tó dáa jù lọ́dún) ní 2020. Tẹ́ ẹ bá sì ń sọ pé kò gbá nǹkan kan ní April, ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún tó kọjá ni? 28 May ló tó gbá home run àkọ́kọ́ fún yín ní Houston! Lónìí ńkọ́? 27 May. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó parí ọdún pẹ̀lú 18, ó mú èèyàn 90 wọlé, ó tún wá gbá 4 sí i nínú playoff (ìdíje ìparí ọdún), Minnesota nìkan gba 3 nínú ẹ̀. Ara àgbà kì í tètè gbóná ni.

Ṣọlá_Katy
O ò fi kún un pé .237 ló gbá lọ́dún tó kọjá yẹn náà. Ó sì ti dàgbà sí i látìgbà náà, 37 ló wà. Èmi lọ wò ó ní pápá ní April, mo jókòó súnmọ́ ibẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo rí nìyí: bọ́ọ̀lù tó ń sáré máìlì 95 ní wákàtí kan, láti ọwọ́ ẹni tó jù ú dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a, kò tó ìdajì sẹ́kọ́ǹdù. Igi Abreu á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ léjìká, bọ́ọ̀lù ti wà nínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń gbé e. Òun náà mọ̀, torí náà ó wá ń tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù náà sì mọ̀ pé ó ń tètè bẹ̀rẹ̀, ló bá ju èyí tó rọra ń bọ̀ tó ń wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ sí i, Abreu ti gbá afẹ́fẹ́ tán, bọ́ọ̀lù ò tíì dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ ó ń padà lọ jókòó. Àánú ẹ̀ ṣe mí ṣá o, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ara kò tíì gbóná, ojú àti ọwọ́ ni ò bára wọn dé mọ́.

MummyTẹ́mi
Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò sọ. Ẹni tó bá ti lo ju ọdún 5 lọ ní líìgì ńlá, tíìmù ò lè rán an lọ sí líìgì kékeré àfi tó bá gbà. Abreu gbà. Ẹni tó ti gba MVP rí, tó ń gba milíọ̀nù 19.5 dọ́là lọ́dún, ó lọ wà lábẹ́ oòrùn Florida pẹ̀lú àwọn ọmọ ogún ọdún, kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí òun láàárọ̀. Ó lè jókòó kó ní mi ò lọ, kó sì máa jẹ owó ẹ̀. Tíìmù tó borí 7, tó pàdánù 19 níbẹ̀rẹ̀ ọdún, irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n nílò láàárín àwọn ọ̀dọ́.

Ṣọlá_Katy
Mummy mo gbà. Pọ́ìǹtì mélòó wá ni áàpù ń fún ìwà?

Òṣogbo2Chicago
Ṣọlá má fi ẹnu tẹ́ḿbẹ́lú ẹ̀. Cubs lódì kejì ìlú wa níbí, 2016, Jason Heyward, milíọ̀nù 184 ni wọ́n fún un, .230 ló gbá lọ́dún yẹn, nínú playoff kò tiẹ̀ ṣeé wò, 5 nínú 48. Game 7, eré tó kẹ́yìn nínú World Series, ní Cleveland, òjò dá eré dúró fún ìṣẹ́jú 17, gbogbo wọn ti rẹ̀wẹ̀sì, àní òun yìí ló kó wọn jọ sínú yàrá tí wọ́n ti ń gbé irin, ó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n jáde, wọ́n gba ife tí wọ́n ti ń wá láti 1908. Ṣé ìwọ á sọ pé kò wúlò fún tíìmù?

Ṣọlá_Katy
Ó wúlò fún Cubs. Ẹni tó fi í sínú fantasy lọ́dún yẹn ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ ìyànjú tó sọ nínú yàrá irin wọ àkáǹtì ẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ò bèèrè ẹni tí a máa fi ṣe deacon.

BàbáÌbejì_MD
Ṣọlá ti sọ ọ́. Èmi náà ní kí n máa wo ìwà Chris Davis. Ìwà ọmọ náà dáa gan-an. 0 nínú 54.

Adéṣínà_Tampa
Ẹ jẹ́ kí n bèèrè, ṣé ọmọ Kúbà ni Abreu yìí? Àwọn Lùkùmí wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun àti Ṣàngó di òní, wọ́n ń kọrin Yorùbá tí a tilẹ̀ lè dá mọ̀. Ọmọ ìyá wa ni o, ẹ má jù ú sílẹ̀.

Ṣọlá_Katy
.099 ló wá sọ ọ́ di ọmọ ìyá wa? Yordan Álvarez ti Astros tó ń gbá home run náà Kúbà ni, ẹ ò pe ìyẹn.

Òṣogbo2Chicago
Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tó ń sá kúrò ní Kúbà ní 2013, ó gba Haiti, páspọ́ọ̀tù ayédèrú ló gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ ní Miami. Òun fúnra ẹ̀ ló jẹ́rìí ní kóòtù ní 2017 pé òun ya ojú ìwé tí fọ́tò òun wà nínú ẹ̀, òun jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, òun ń fi bíà tì í. Ẹni tó jẹ páspọ́ọ̀tù nínú òfuurufú, ṣé oṣù kan tí kò gbá bọ́ọ̀lù ló máa pa á?

Láńre_Ìkòròdú
Dúró ná. Ó JẸ páspọ́ọ̀tù? Ẹ fi í sílẹ̀ nínú tíìmù. Mo ti yí èsì mi padà.

Tọ́pẹ́_StLouis
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débí. Àkàwé tó bá a mu ni Albert Pujols wa ní Cardinals. 2022, ẹni ọdún 42, tí wọ́n bá fi dé ìsinmi àárín ọdún, .215 ló ń gbá, home run 6. Gbogbo wa ní ó wá dágbére ni. Lẹ́yìn ìsinmi yẹn ó gbá 18! Àpapọ̀ home run ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kọjá 700, ó dúró ní 703. Ọ̀rẹ́ mi kan jù ú sílẹ̀ ní fantasy ní July, ẹlòmíràn gbé e lọ́jọ́ kejì, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi ṣe Thanksgiving.

Ṣọlá_Katy
Pujols kan ṣoṣo ni ẹ̀ ń rí tọ́ka sí. Chris Davis pọ̀ nílẹ̀ bíi iyanrìn.

BàbáÌbejì_MD
Ẹ ṣeun.

Tọ́pẹ́_StLouis
Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ẹ ò tiẹ̀ sọ irú líìgì tó jẹ́. Èèyàn mélòó? Ṣé ẹni méjì lẹ lè ní ní first base, ipò Abreu? Ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì yín?

Káyọ̀dé_Alief
Èèyàn 10, ará ibi iṣẹ́ ni. First base kan ṣoṣo, ààyè ẹni 5 wà ní bẹ́ǹṣì. Ipò kẹsàn-án ni mo wà. Ẹni tó bá kẹ́yìn ní ìparí June ló máa bọ́ gbogbo ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn.

Ṣọlá_Katy
Ipò KẸSÀN-ÁN, ẹ sì ń bèèrè! Ẹ mú Singleton. Kì í ṣe ẹbọra, ṣùgbọ́n òun ló ń dúró ní first base fún wọn látìgbà tí Abreu ti lọ, ó sì ń bá bọ́ọ̀lù.

MummyTẹ́mi
Ẹ mú Singleton, ẹ fi Abreu sí bẹ́ǹṣì fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ju ẹlòmíràn sílẹ̀. Ààyè márùn-ún kéré ni?

Òṣogbo2Chicago
Ìyẹn náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sílẹ̀.

Káyọ̀dé_Alief
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ṣe é. Mi ò mú Singleton. Ẹnìkan láti Kansas City tí mi ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí ni mo mú sí first base, torí ọ̀gá mi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Friday. Abreu ṣì wà, mo gbé e sí bẹ́ǹṣì. Kí n má parọ́ fún yín, ọmọbìnrin mi ọdún 9 ló kó mi sí i. Ó ní jẹ́sì 79 ẹ̀, mo ti sọ fún un nígbà kan pé ìyá Abreu ló ní kó wọ nọ́ńbà yẹn kí àwọn èèyàn má baà gbàgbé ẹ̀, bó ṣe rí fóònù lọ́wọ́ mi báyìí, ó ní "Daddy, ṣé ẹ fẹ́ gbàgbé ẹ̀ ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ṣọlá_Katy
A ti kọ̀wé láti àárọ̀ o.

Káyọ̀dé_Alief (15 June 2024)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti gbọ́ pé àná ni Astros tú Abreu sílẹ̀ pátápátá. 14 nínú 113 ló bá kúrò níbẹ̀, .124, home run 2. Wọ́n ṣì máa san tó milíọ̀nù 30 dọ́là fún un, kó má gbá nǹkan kan. Home run méjèèjì yẹn, orí bẹ́ǹṣì ló wà nínú tíìmù mi nígbà tó gbá wọn, mi ò rí pọ́ìǹtì kankan gbà. Mo ti di ẹni kẹwàá. Jẹ́sì 79 ṣì wà lọ́rùn ọmọ náà bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní òun ò bọ́ ọ.
Ìbéèrè míì, kíákíá ni o: ta ló mọ ìyá tó ń se ọ̀fadà dáadáa ní agbègbè Bissonnet? Èèyàn bí 25. Mi ò fẹ́ èyí tó ń fi epo pamọ́.

MummyTẹ́mi
Mo mọ ẹnìkan, ẹ wo inbox yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ewé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú kúlà ló máa dà á sí.

Òṣogbo2Chicago
Ẹ kí ọmọ náà fún mi.

BàbáÌbejì_MD
Àbúrò, ta ló ń gba owó jọ ní líìgì yín?