Ẹ́ńjìnnì rélùwéè elèéfín àtijọ́: ìrírí àwọn tó ń tú u, tó ń gbé e, tó ń tọ́jú rẹ̀

Wẹ́dà Odógunyàn, Ìkòròdú:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí kéréènì tó dé ni iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì elèéfín ti pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà níwájú yín. Rélùwéè àtijọ́ Iddo sí Ìbàdàn, mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì, ìwọ̀n yẹn náà ni àwọn ẹ́ńjìnnì River class tí ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Tíráàmù Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1902, tó kógbá wọlé ní 1933, àti rélùwéè kékeré Zaria sí Jos tí wọ́n pa tì ní 1957, 762 ni tiwọn. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra irin tí ẹ ó gbé e lé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú omi bọ́ílà àti ti táńkì dànù. Lítà 1,000, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni. Ẹnu páìpù nìkan kò tó. Ẹ ṣí àwọn pọ́lọ́ọ̀gì igun ìsàlẹ̀ ilé iná, torí ibẹ̀ ni ẹrọ̀fọ̀ ń dì sí tí omi fi ń há sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tú irin gbọọrọ tó so písítìnì mọ́ ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fà á pẹ̀lú irin yẹn lára, písítìnì á máa lọ á máa bọ̀ nínú sílíńdà gbígbẹ, ìpẹtà á sì ha ara sílíńdà. Ríbọ́ọ̀ rẹ̀, ìyẹn títún inú sílíńdà gbẹ́, kì í ṣe owó kékeré.

Píìnì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ èédú ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń lágídí jù. Ẹ rọ díísù sí i, kó sùn mọ́jú, ẹ nù ún mọ́ pátápátá kí ẹ tó tan gáàsì. Etí ihò ni kí ẹ fi iná sí, kì í ṣe píìnì. Etí ihò tó gbóná á fẹ̀, á jọ̀wọ́ píìnì. Píìnì tó gbóná á wú, á tún há sí i.

Ohun funfun bí òwú tó wà lábẹ́ páànù tó bo bọ́ílà, asbestos ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má fọwọ́ ya á ní gbígbẹ rárá! Àwọn tó mọ̀ ọ́n tú máa ń fi omi rin ín, kí eruku rẹ̀ má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Onílobẹ́ẹ̀dì Ìpakodò:

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, òótọ́ lẹ sọ. Ní ti gbígbé: férémù ìsàlẹ̀ ni ṣéènì gbọ́dọ̀ dì mú, kì í ṣe ikùn bọ́ílà, kì í ṣe ilé dírẹ́bà. Ẹ fi irin gbọọrọ ya ṣéènì méjèèjì lókè kí wọ́n má bàa fún ara rẹ̀ pọ̀. Ẹ ki pákó líle sáàárín férémù àti àpótí bẹ́ríǹgì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí bí sípíríǹgì bá ń jó lójú ọ̀nà, gbogbo ìdè á tú.

Irin ojú ọ̀nà rélùwéè ni ẹ ó wẹ́ẹ̀dì mọ́ orí lobẹ́ẹ̀dì, ìyẹn tírélà pẹrẹsẹ tó ń gbé ẹrù wúwo, kí ẹ́ńjìnnì lè yí gùn ún. Ẹ wọn gíga rẹ̀ lórí tírélà láti ilẹ̀, kí ẹ sì tú ṣìmínì bí bíríìjì bá máa kàn án. Ti orí omi tún dáa, láti Ebute Metta wá sí Ìpakodò níbí, ṣùgbọ́n báàjì á tẹ̀ sí ibi tí ẹrù bá ti kọ́kọ́ gùn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wínṣì fi fà á.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:

Ẹ bá mi fi ti ilẹ̀ àbàtà kún un. Ẹsẹ̀ kéréènì á rì bí kò bá sí irin pẹlẹbẹ tàbí pákó ńlá lábẹ́ rẹ̀.

Ará Àgbádárìgì:

Níbi tó bá gúnlẹ̀ sí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ òkun wa níbí kì í ṣeré, iyọ̀ ló gbé dání. Ẹ dé ẹnu ṣìmínì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an: òjò tó bá pàdé eérú èédú á di ásíìdì, ìsàlẹ̀ àpótí èéfín tó wà lábẹ́ ṣìmínì ni á kọ́kọ́ jẹ. Ẹ fá eérú ìdí ilé iná tán pátápátá. Ẹ gbẹ bọ́ílà, ẹ gbé abọ́ quicklime, ìyẹn láìmù tí wọn ò tíì bu omi lù, sínú rẹ̀, kó máa fa ọ̀rinrin, kí ẹ tó dé e pa. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Òrùlé páànù ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ara tó ń dán, gírísì ni, kì í ṣe ọ̀dà.

Ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, bàbà ni ilé iná inú wọn, idẹ ni bẹ́ríǹgì. Àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tú fèrè, géèjì àti páìpù bàbà, ẹ so nọ́ńbà mọ́ wọn, ẹ tì wọ́n mọ́lé kí wọ́n má bàa dé ọwọ́ oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù.

Wẹ́dà Odógunyàn, Ìkòròdú:

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tún dáná sí i, ẹ má fi kọ̀mpírésọ̀ dán bọ́ílà wò láéláé. Omi tútù ni wọ́n ń rọ kún un títí dé góńgó, kí pọ́ńpù ọwọ́ tó tì í kọjá agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́, níṣojú ẹni tó ní ìwé àṣẹ àyẹ̀wò bọ́ílà. Bí omi bá rí ibi tó ti jẹrà, á jò. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú rẹ̀ á bú gbàmù, á sì pa ẹni tó dúró tì í.